Nígbà Tí Mo Gun Ìwọ̀n Òwú

Ìbéèrè kan ni ìyá mi kọ́kọ́ máa ń bi mí lórí tẹlifóònù. Kì í ṣe ìbéèrè nípa iṣẹ́, kì í sì í ṣe nípa ìgbà tí n óò padà wálé. Yóò pariwo bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì odò:

"Ṣé o sanra?"

Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn nígbà náà. Òun ló máa ń ṣètò rẹ̀ tí ìyá wa á fi wá jókòó síbẹ̀ ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, tí yóò wé gèlè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń lọ kí ọba. Èmi náà á wà ní ilé pọ́sìtì ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí orúkọ rẹ̀ padà láti Dàhòmì sí Bẹ̀nẹ̀. Ilé pọ́sìtì náà kéré. Ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ kò ní ilẹ̀kùn, ìlà tẹlifóònù náà kò sì dára, èèyàn gbọ́dọ̀ pariwo kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi ló ń gbọ́ ohun tí mò ń bá ìyá mi sọ.

"Mo sanra, Ìyá," ni màá wí, ohùn mi á sì lọ sílẹ̀.

"N ò gbọ́!"

"Mo ní mo sanra!"

"Ẹ bá wa sọ fún wọn pé a rí i!" ni ẹnì kan kígbe lẹ́yìn mi lọ́jọ́ kan, gbogbo ilé pọ́sìtì sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi gbọ́ ẹ̀rín náà láti Ìsẹ́yìn. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ó dára bí mo ṣe ti ní ọ̀rẹ́.

Mo ti darúgbó báyìí. Mo ti padà sílé tipẹ́, ìyá mi sì ti sùn. Ṣùgbọ́n bí tẹlifóònù ọmọ-ọmọ mi bá dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìbéèrè yẹn ni mo ṣì máa ń retí, ojú a sì tún máa tì mí díẹ̀ kí n tó rántí pé kò sí ẹni tó máa bi mí mọ́.

N kò ní fi ìrìn àjò dá ẹ̀yin òǹkàwé dúró. Mo kàwé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì, ọkùnrin díẹ̀ la sì jẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo jáde, àwọn ilé ìwòsàn nílé kò fẹ́ kí ọkùnrin máa tọ́jú ọmọdé. Àwọn ìjọ kan tó ní ilé ìtọ́jú ọmọ ní Ṣábẹ̀ẹ́ ń wá nọ́ọ̀sì tó gbọ́ Yorùbá, ni mo bá lọ. Kò pẹ́ tí mo dé ni ìjọba ológun gba ilé ìtọ́jú náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ṣí i fún àgbàlagbà náà, wọ́n sì gbà mí mọ́ ọn, bí ẹni ra ilé tó bá ológbò nínú rẹ̀.

Èdè ló kọ́kọ́ tàn mí jẹ. Lọ́jọ́ tí mo dé, mo gbọ́ tí àwọn obìnrin ń kí ara wọn lábẹ́ àwọn òkúta ńlá tó yí ìlú náà ká, mo sì rò pé n kò tíì kúrò nílé. Àwọn náà ń ké sí ọmọ wọn, wọ́n ń bú ewúrẹ́ wọn, wọ́n ń dúpẹ́ àná, ohùn wọn kàn ń yí gba ibòmíràn ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọ inú ọ́fíìsì, Faransé ni. Ìwé ẹ̀rí tí bàbá mi gbé káàkiri àdúgbò wa ní Ìsẹ́yìn, tí ó ń fi han àwọn tí kò mọ̀wé pàápàá, kò sí ẹni tó lè kà á níbẹ̀. Mo di ọ̀mọ̀wé tó ń fi ọwọ́ júwe nǹkan.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ kámárádì. Ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa bẹ́ẹ̀, àgbà àti ọmọdé, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì, ẹni tí a ń pè ní màjọ̀, jẹ́ ọmọ Ìpobẹ́ tí ìjọba gbé wá láti apá gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀, òwúrọ̀ kùtùkùtù ló sì máa ń sáré yí ọgbà ilé ìtọ́jú náà ká pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a pàdé, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó sì sọ fún mi ní Yorùbá Ìpobẹ́ pé, "Kámárádì, ìwọ náà ti jẹun délé ayé o." Ó pè mí ní ìwọ. Ìyẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ ìjẹun lọ nígbà náà. N kò tíì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìjẹun náà ṣì ń bọ̀.

Sísanra ti wà nínú ìdílé wa. Bàbá mi sanra, ìyá bàbá mi sanra débi pé wọ́n kan àga tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nílé, bí mo bá ń kọjá lọ, àwọn àgbà á ní, "Ẹ wo ọmọ tí ara tù." N kò mọ̀ pé ara èèyàn lè yí ìtumọ̀ padà nítorí pé ó kọjá ibodè. Gbogbo ohun tí mo kó wá láti ilé ni asọ́bodè tú wò. Ẹran ara yìí nìkan ni kò lè gbà, iyán tí ìyá mi ti ń gún fún mi láti kékeré ni. Mo gbé e wọlé, mo sì rò pé yóò máa bá mi gbé ní àlàáfíà.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ìwọ̀n. Láti Bónì, láti Àdídò, láti Bẹsẹ́ ni àwọn ìyá ti máa ń pọn ọmọ wá. Ìwọ̀n kékeré kan ń rọ̀ lára ẹ̀ka igi máńgòrò nínú ọgbà. A ó ti ẹsẹ̀ ọmọ bọ ṣòkòtò aṣọ kan, a ó fi í kọ́ sórí ìwọ̀n náà bí ẹran ìgbẹ́, ọmọ náà á sì fi igbe bọnu. Iṣẹ́ tèmi ni. Mo mọ ọgbọ́n kan tí wọn kò kọ́ mi ní yunifásítì: kí n tó gbé ọmọ kọ́, màá kọ́kọ́ gbé e lé ikùn mi, kí ó fi orí tì í, kí ó gbọ́ bí mo ṣe ń mí. Ikùn mi ni ìrọ̀rí wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sunkún lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ń rántí ayé mi lónìí, abẹ́ igi máńgòrò yẹn ni mo ti láyọ̀ jù. Fèrè ọkọ̀ ojú irin á máa dún níbi ìbùdókọ̀, òórùn èéfín igi á máa fẹ́ wá láti ilé àwọn ará ìlú, ọmọ tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ á sì máa fi itọ́ tutù ba ẹ̀wù funfun mi jẹ́.

Ọmọ tó bá rù ju bó ṣe yẹ lọ, a máa ń bu wàrà oníyẹ̀fun fún ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, wàrà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Abọ́ kan di ìlàjì abọ́. Àwọn ìyá wo inú abọ́, wọ́n wo ara wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí.

Ìyá Sàbí, ará Bẹsẹ́, ló kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ́. Obìnrin tín-ín-rín kan ni, ẹnu rẹ̀ mú ju àdá oko rẹ̀ lọ. Sàbí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kejì, ni ọmọ tó rù jù nínú gbogbo àwọn tó ń wá. Ó gba ìlàjì abọ́ rẹ̀, ó mì ín, ó sì sọ fún ẹni tó tẹ̀ lé e, láìrẹ ohùn sílẹ̀:

"Wàrà àwọn ọmọ wa kò sọnù o. Ó ti rí ibi tó sùn sí."

"Níbo?"

"Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Ẹ wo àpò ìrẹsì nínú ẹ̀wù funfun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn lè fi ojú rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Dókítà Àpò Ìrẹsì láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Bẹsẹ́. Mo sọ fún wọn pé wàrà wà lábẹ́ àgádágodo, pé kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ mi. Ìyá Sàbí ní, "Kọ́kọ́rọ́ ò kúkú ń sanra."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí màjọ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n ti béèrè ọ̀rọ̀ wàrà lọ́wọ́ òun náà láti òkè, ẹ̀rù sì ń bà á. Lọ́jọ́ ìwọ̀n kan, lẹ́yìn tí a ti pariwo ìkíni ìjọba tán, "A ti ṣe tán fún réfólúsíọ̀n! Ìjà ń tẹ̀síwájú!", ó ní kí àwọn ìyá má tíì lọ. Ó ní òun fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ohun tí òun máa sọ.

"Kámárádì," ó wí, ó sì na ìka sí mi, "ara nọ́ọ̀sì ni àwòrán tí aráàlú ń wò. Nínú àwọn àwòrán tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, ta ni a ya ikùn ńlá fún?"

Gbogbo wa mọ àwọn àwòrán náà. Àwọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ mẹ̀kúnnù ni wọ́n máa ń ya ikùn fún, wọ́n á ya tábà sí i lẹ́nu.

"Ṣé irú rẹ ló yẹ kó máa wọn ọmọ tí ebi ń pa? Bí o bá ń sọ fún ìyá ọmọ bí èèyàn ṣe ń jẹun, ṣé yóò gbà ọ́ gbọ́?"

"Màjọ̀, bí wọ́n ṣe bí mi nìyí," ni mo wí.

"Ìwọ̀n ló máa sọ ìyẹn."

Ìwọ̀n ńlá kan wà lẹ́yìn ilé, èyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń wọn òwú, tí wọ́n gbé pamọ́ sọ́dọ̀ wa títí àkókò òwú yóò fi dé. Màjọ̀ ní kí olùṣọ́ ọgbà gbé e jáde. Wọ́n gbé e kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, gan-an níbi tí mo ti máa ń dúró wọn ọmọ wọn. Ìhùhù òwú ọdún tó kọjá ṣì wà lára pákó rẹ̀. Ó ní kí n bọ́ bàtà.

Ìdí tí n kò fi kọ̀, mo ti rò ó títí ó ti sú mi. Àlejò ni mí. Iṣẹ́ yẹn ni mo tìtorí rẹ̀ kúrò nílé. Mo bọ́ bàtà, mo gùn ún. Olùṣọ́ ti irin ìwọ̀n títí irin fi dé òpin, pákó náà kò mì. Ó wo màjọ̀. Ó ní, "Kámárádì, ó ti kọjá irin yìí o." Wọ́n ní kí ó lọ mú irin kejì wá. Mo dúró níbẹ̀ láìwọ bàtà títí ó fi lọ tó fi bọ̀, àwọn ìyá ń wò mí, àwọn ọmọ tí mo ti gbé lé ikùn ń wò mí láti ẹ̀yìn ìyá wọn. Nígbà tí irin náà dúró, olùṣọ́ ké iye tí mo wọ̀n sókè. Mo rántí iye náà. N kò ní kọ ọ́ síbí.

Màjọ̀ wá gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Bí òjò ọdún náà bá fi dá tí mi ò tíì fọn, n kò ní fọwọ́ kan ọmọ mọ́. Ilé ìkẹ́rùsí ni n óò máa jókòó sí, lẹ́yìn ilé, níbi tí aráàlú kò ti ní máa rí mi.

Inú yàrá kan ní agbo ilé Ìyá Àlàbá ni mo ń gbé. Opó ni Ìyá Àlàbá, òun náà lára, ó tóbi, ó máa ń fi ọwọ́ ti orúnkún kí ó tó dìde. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ló ti sọ fún mi pé ọkùnrin tí kò ní ìyàwó nítòsí kò gbọ́dọ̀ dáná. Alaalẹ́ ni abọ́ iyán rẹ̀ máa ń wá sẹ́nu ọ̀nà mi, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí á wà nínú ìkòkò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun nìkan ni kò pè mí ní dókítà. Ó ń pè mí ní ọmọ Ìsẹ́yìn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá abọ́ padà. Òkèlè díẹ̀ ni màá bù lára iyán, màá sì ní mo ti jẹun níbi iṣẹ́. Nígbà tó ṣe, n kò tilẹ̀ ṣí abọ́ mọ́. Màá mu omi, màá sì jókòó síwájú ilé, màá máa wo àwọn òkúta ńlá yẹn bí oòrùn ṣe ń kúrò lórí wọn. Ebi a máa ṣe mí bí ẹni pé ẹnì kan ń wa ilẹ̀ nínú mi. Ìtìjú ni mo fi ṣe oúnjẹ. Bí mo bá ti rántí ìró ìrìn ẹsẹ̀ olùṣọ́ nígbà tó ń lọ mú irin kejì wá, màá tún ti abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

N kò mọ ohun tí mò ń ṣe sí ilé náà. Ìyá Àlàbá kò bá mi ṣeré mọ́. Àwọn ọmọ agbo ilé kò wá sẹ́nu ọ̀nà mi mọ́. Bí mo bá kí àwọn obìnrin, wọ́n á dáhùn bí ẹni tó ń san gbèsè. Mo rò pé ìròyìn ìwọ̀n òwú ló ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ni mo bá túbọ̀ ń fara pamọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n pè mí sí iwájú ilé. Bàbá àgbà tó jẹ́ olórí agbo ilé jókòó sórí àpótí, àwọn yòókù dúró yí i ká. Abọ́ iyán mi wà nílẹ̀ láàárín, a kò tíì ṣí i. Ìyá Àlàbá kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún yẹn.

"Kí gbogbo yín ṣe ẹlẹ́rìí," ó wí. Ó ṣí abọ́. Ó bu òkèlè níhìn-ín, ó jẹ ẹ́. Ó bu òkèlè lọ́hùn-ún, ó jẹ ẹ́. Ó bu láàárín. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀, ó mu nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi, omi ti lé ròrò sí i lójú. "Ọmọ Ìsẹ́yìn, bí májèlé bá wà nínú rẹ̀, kó pa mí kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ni mo ṣe fún ọ tí o fi fura sí ọwọ́ mi? Ṣé bí èèyàn ṣe ń ba àgbàlagbà obìnrin lórúkọ jẹ́ nílùú yín nìyẹn?"

Ojú mi là lójijì. Ohun tí wọ́n ti rò láti ìgbà yẹn ni pé mo rò pé Ìyá Àlàbá fẹ́ pa mí. Ní ilé wa náà, bí àlejò bá kọ oúnjẹ ẹni tó gbà á sílé, ìtumọ̀ kan náà ló ní. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ìtìjú ló jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ fún wọn, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, gbogbo ohun tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà gbọ́: ọ̀rọ̀ wàrà, ìwọ̀n òwú, irin kejì, ilé ìkẹ́rùsí. Mo ní wọ́n ní kí n rù kí n tó lè máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Bàbá àgbà tẹ etí sí mi.

"Wọ́n ní kí o ṣe kí ni?"

"Kí n rù, Bàbá."

"Kí n rù," ó tún un sọ. Ó wo gbogbo ènìyàn. "Èèyàn máa ń gbàdúrà kí ọ̀tá òun rù. Ìjọba wá fi ṣe òfin ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ìyá Àlàbá kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi àpá kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókósẹ̀.

"Kí o tó kó wá sínú agbo ilé yìí, ẹsẹ̀ yìí dùn mí títí n kò lè dé odò. Mo lọ sí ilé ìtọ́jú yín yẹn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ò ní kí n gbé ẹsẹ̀ sókè. Ó ní ara mi ló wúwo jù fún ẹsẹ̀ mi, kí n lọ dín oúnjẹ kù. Àwọn tó wà lórí ìjókòó fi mí rẹ́rìn-ín. Mo padà sílé, mo dín oúnjẹ kù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni sọ̀bìà yọ orí jáde níbí yìí." Ó fi ìka tẹ àpá náà. "Sọ̀bìà ni, ọ̀rá kọ́. Wọn ò wo ẹsẹ̀. Ikùn ni wọ́n wò. N kò dé ibẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, n kò sì ní dé ibẹ̀ mọ́."

Mo ti rò pé èmi nìkan ni ìwọ̀n yẹn ń dúró dè.

Ó dìde, ó gbé abọ́ rẹ̀. "Mi ò ní fi tipátipá fún ọ. Ṣùgbọ́n màá máa bu tìẹ sílẹ̀ lalaalẹ́. Lọ́jọ́ tí ojú kò bá tì ọ́ mọ́, wá gbé e."

Mo ti máa ń rò ó, láti ìgbà tí mo ti darúgbó, ohun tó ń sọ èèyàn di ará ibì kan. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo lè sọ̀rọ̀ lé e lórí láti òwúrọ̀ dalẹ́: èdè, ẹ̀jẹ̀, ilẹ̀. Ṣábẹ̀ẹ́ kọ́ mi ní ohun tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí ẹnì kan bá ti ń bu oúnjẹ tìrẹ sílẹ̀ nígbà tí o kò sí níbẹ̀, o ti di ará ibẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà. Síbẹ̀ n kò lọ gbé abọ́ náà. Òjò kò tíì dá, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ mi.

Òjò dá. Ṣòkòtò mi ti tóbi jù mí lọ, okùn ni mo fi so ó. Wọ́n tún gbé ìwọ̀n òwú jáde lọ́jọ́ ìwọ̀n. Lọ́tẹ̀ yìí, irin kan ṣoṣo tó. Màjọ̀ dì mọ́ mi. Inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún kámárádì! Ó ti ṣẹ́gun ara rẹ̀!" Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, lórí ìwọ̀n níbẹ̀, láìwọ bàtà. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ìlú yẹn, àtẹ́wọ́ tí mo pa fún ara mi yẹn ni mo máa ń fẹ́ gbàgbé jù.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo padà sí ẹ̀yìn ìwọ̀n ọmọ. Ìyá Sàbí ló wà níwájú. Mo gba Sàbí, mo gbé e lé ikùn mi bí mo ṣe máa ń ṣe. Ọmọ náà fi orí wá ìrọ̀rí rẹ̀, kò rí i, egungun ìhà mi ló bá. Ó fi ọwọ́ ti àyà mi, ó sì figbe ta. Ìyá rẹ̀ wò mí dáadáa, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló gba wàrà rẹ̀ lọ́wọ́ olùṣọ́. Kò tó ìlàjì abọ́ mọ́. Ó gbé abọ́ náà lọ bá màjọ̀.

"Kámárádì màjọ̀," ó wí, "ẹ kú iṣẹ́ o. Dókítà ti rù. Wàrà ńkọ́? Ṣé òun náà ti sanra?"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì ń bọ̀ síwájú bí òjò orí koríko. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní abẹ́ igi yẹn, èmi kọ́ ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Màjọ̀ wo abọ́. "Èyí tí wọ́n ń kó wá fún wa ló dín kù," ó wí níkẹyìn. "Láti ọdún tó kọjá ló ti ń dín kù."

"Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó gbé ọmọ ọlọ́mọ gun ìwọ̀n òwú?"

Màjọ̀ wọ inú ọ́fíìsì lọ. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ilé ìkẹ́rùsí sí mi mọ́, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ mí. Ìyá Sàbí náà kò bẹ̀ mí. Nígbà tó ń pọn ọmọ rẹ̀, ó kàn sọ pé, "Dókítà, ẹ tún ara ṣe o. Ọmọ mi ò rí ibi tó máa fi orí lé."

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ tẹlifóònù. Ilé pọ́sìtì kún. Mo dúró títí wọ́n fi pè mí, nígbà tí mo sì wẹ̀yìn, mo rí màjọ̀ nínú àwọn tó tò, òun náà fẹ́ pe àwọn ará ilé rẹ̀. A kò kí ara wa.

"Aló!" ni mo wí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń wí i lọ́hùn-ún.

Ohùn ìyá mi kò dún bí ó ṣe máa ń dún. "Awakọ̀ kan tó ti ọ̀nà yẹn bọ̀ ní òun rí ọ. Ó ní o ti gbẹ bí igi ìdáná. N kò sùn láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́. Má parọ́ fún mi. Ṣé o sanra?"

Ọwọ́ mi kan wà lára okùn ṣòkòtò mi. Ní gbogbo oṣù tí mo fi sanra lóòótọ́, ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni mo fi ń dá a lóhùn, bí olè.

"Mo sanra, Ìyá!" Mo pariwo débi pé akọ̀wé pọ́sìtì gbé orí sókè. "Mo sanra! Mo sanra dáadáa!"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Màjọ̀ ń wo ilẹ̀.

"Ọlọ́run ṣeun," ìyá mi wí, mo sì gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. "Awakọ̀ yẹn, ojú rẹ̀ ló ń ṣe é."

Mo gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ojú irin padà sílé. Oòrùn ti ń kúrò lórí àwọn òkúta. Ó kù díẹ̀ kí n dé agbo ilé ni mo ti ń gbọ́ ìró ọmọ odó. Irọ́ tí mo pa fún ìyá mi wúwo lọ́kàn mi, ohun kan ṣoṣo ló sì lè sọ ọ́ di òtítọ́. Ìyá Àlàbá ń bu oúnjẹ. Abọ́ tèmi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ti fi ọmọrí bò ó. Mo lọ síbẹ̀ lójú gbogbo agbo ilé, mo kúnlẹ̀, mo ṣí i.

Ojú ṣì ń tì mí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò tíì tán títí di òní.

"Ìyá," ni mo wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù kún un."